Ilẹ̀ gbígbẹ́ lára ehoro ilé

Ilẹ̀ gbígbẹ́ jẹ́ ìwà àbínibí ehoro ilé, ẹran tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Spéìn àti Pọ́túgàl, níbi tó ti ń gbé inú ihò. Ehoro inú pápá oko Fìdítì àti Ìlọrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ koríko ló ń ba sí. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú ehoro ilé wá ilẹ̀ tútù, àmọ́ oyún ló ń fa gbígbẹ́ tó le jù. Bí oyún rẹ̀, tó ń tó nǹkan bí ọjọ́ 31, bá ń parí lọ, abo á fi èékánná ha ilẹ̀, á fa irun àyà ara rẹ̀ tu, á sì fi tẹ́ ibẹ̀ fún ọmọ. Àpótí onípákó tó ní koríko gbígbẹ ni àwọn tó ń sin ehoro ń gbé síwájú rẹ̀ kó lè bímọ síbẹ̀. Bí ilé rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ lásán, wọ́n á ri wáyà mọ́ ìsàlẹ̀ ilé náà kó má baà gbẹ́ ilẹ̀ jáde.