Májẹ̀mú Tí A Kì Í Kọ: Lórí Ìdọ́gba Kuadirátíìkì àti Gbòǹgbò Kọ́ḿpílẹ́ẹ̀sì

Àwọn òǹkọ̀wé ìṣirò wa ti sọ ọ́ di àkọ́sórí pé gbòǹgbò kọ́ḿpílẹ́ẹ̀sì kì í dá rìn. Ẹ ní 3 + 2i ni gbòǹgbò kan; kíá ni akẹ́kọ̀ọ́ á fa 3 − 2i wọlé, á rí àròpọ̀ 6 àti ìsọdipúpọ̀ 13, á sì kọ x² − 6x + 13 = 0. N kò bá ìdáhùn yìí jà. Àkọ́sórí yẹn ni mo takò.

Ta ló ní kóẹfíṣẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà gidi? Ẹ mú 3 + 2i àti 1. Ìdọ́gba wọn ni x² − (4 + 2i)x + (3 + 2i) = 0, kò sì sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tó fúnni ní gbòǹgbò méjì, ọ̀tọ̀ ni èyí tó fúnni ní ẹyọ kan pẹ̀lú májẹ̀mú pé kóẹfíṣẹ́ǹtì jẹ́ gidi. Ti àkọ́kọ́ kò ju ìṣirò lásán lọ. Ti èkejì gba àlàyé: bí kóẹfíṣẹ́ǹtì bá jẹ́ gidi, tí a yí àmì i padà níbi gbogbo, ìdọ́gba náà kò yí padà, nítorí náà 3 − 2i gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn pẹ̀lú. Májẹ̀mú ló bí gbòǹgbò kejì, kì í ṣe i.

Wọ́n tún máa ń gbàgbé Cardano, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì. Ní 1545, nínú Ars Magna, ó ní ká pín 10 sí ọ̀nà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn á jẹ́ 40. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ṣakí ń wá oko onígun mẹ́rin, tí gígùn pẹ̀lú ìbú rẹ̀ jẹ́ 10, tí ààyè rẹ̀ jẹ́ 40. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn tẹ́ rẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti lè wọn èyí fún un: 5 lọ́nà 5 ló pọ̀ jù, 25 péré. Bí ẹ bá fi d kúrò láàárín, tí ẹ mú 5 + d àti 5 − d, ìsọdipúpọ̀ wọn di 25 − d². Kí ìyẹn tó lè jẹ́ 40, d² gbọ́dọ̀ jẹ́ −15. Àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ ti wà lọ́wọ́ Cardano kí gbòǹgbò tó yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò rí ìwúlò irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, fún gbòǹgbò m ± ki, tí m jẹ́ àárín wọn bíi 5 ti Cardano, ẹ kọ (x − m)² + k² = 0. Ti 3 ± 2i di (x − 3)² + 4 = 0, láìsọ i di púpọ̀ rárá. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ àṣìṣe lórí i² ti ibẹ̀ pòórá. Èmi ò tilẹ̀ rí ìdí tí títú àkámọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú mọ́ ní kíláàsì kankan, ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Bí olùdánwò kò bá sì kọ májẹ̀mú sínú ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́ tó fi 1 ṣe èkejì gbọ́dọ̀ gba máàkì rẹ̀ pé.