Obìnrin tí a mú nínú panṣágà
Ìtàn inú Ìhìnrere Jòhánù (7:53–8:11). Àwọn akọ̀wé àti Farisí mú obìnrin kan wá sọ́dọ̀ Jésù nínú tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ní Mósè pàṣẹ pé kí a sọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lókùúta pa; ńṣe ni wọ́n fẹ́ dán Jésù wò. Ọkùnrin tí wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀ ńkọ́? Wọn ò mú un wá, bẹ́ẹ̀ Òfin Mósè dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Jésù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kọ̀wé sílẹ̀. Ó ní kí aláìlẹ́ṣẹ̀ kọ́kọ́ sọ òkò. Wọ́n yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà ló ṣíwájú. Jésù kò dá obìnrin náà lẹ́bi, kò sì fojú kékeré wo ẹ̀ṣẹ̀ náà. Iṣẹ́ Olùgbàlà tí Jòhánù 3:17 ń sọ gan-an nìyẹn. Ìtàn yìí kò sí nínú Codex Sinaiticus àti Codex Vaticanus, àwọn ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì ti ọ̀rúndún kẹrin. Bíṣọ́ọ̀bù Augustine gbà pé àwọn tó ń bẹ̀rù pé àwọn aya yóò fi ìtàn náà kẹ́wọ́ láti dẹ́ṣẹ̀ ló yọ ọ́.