Ìpàdánù Uyo: Kí ni ìtàn sọ nípa rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni yóò wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni yóò wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀, àwọn Guépards, ṣubú ní ìlú Uyo ní ilẹ̀ Nàìjíríà: góòlù 4 sí òdo. Ìṣubú náà gba àyè Ife Àgbáyé ọdún 2026 mọ́ wa lọ́wọ́, ìdíje tí orílẹ̀-èdè wa kò tíì dé rí. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá péjọ sí ní Tchaada, ní Ifangni tàbí ní Igolo, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́: kí ló dé tí a fi pàdánù? Èsì kò wọ́n. Èsì tí ó dúró lórí ẹ̀rí ni ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí àgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè wa lọ́nà tí kò gbà kan ìlú tí ó jìnnà sí ààlà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Wọn kò bi àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà léèrè. Ní Igolo, ẹ̀gbẹ́ Idiroko ni a wà. Èdè kan náà ni a fi ń ná ọjà ní ìhà méjèèjì, a sì ń fẹ́ ọmọ ara wa. Bí Bẹ̀nẹ̀ bá ń bá Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù, ìbátan ni ó ń dojú kọ ìbátan. Ìdí nìyí tí ẹ̀fẹ̀ fi ń yára di èébú lẹ́nu wa, tí ìpàdánù kan sì fi ń dunni ju ti Senegal tàbí ti Íjíbítì lọ.

Ìtàn ìpàdánù náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Uyo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1959, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, Nàìjíríà nà wá ní Èkó ní góòlù 10 sí 1. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ní Tùnísíà ní ọdún 2004, Nàìjíríà borí wa ní 2 sí 1. Ní Gánà ní ọdún 2008, 2 sí òdo ni. Ní Àǹgólà ní ọdún 2010, 1 sí òdo ni. Ìdíje mẹ́ta tí a kọ́kọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pàdé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì borí wa. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kádàrá ni.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, ní Abidjan, Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá góòlù kan wọlé láti ẹsẹ̀ Raphael Onyedika. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Jodel Dossou ti dá a padà, Steve Mounié sì ti fi òmíràn lé e. A borí ní 2 sí 1. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, Gernot Rohr, ni ó ti kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà láti ọdún 2016 títí di ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ kádàrá kú ní ọjọ́ náà. Ìdí tí ó lè ṣàlàyé gbogbo ìpàdánù, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé ìṣẹ́gun kan ṣoṣo, kì í ṣe ìdí. Àwáwí ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí nǹkan ti rí kí a tó dé Uyo. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, FIFA gba pọ́ìntì 3 lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà nítorí pé wọ́n lo Teboho Mokoena nígbà tí kò tọ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù sí Lesotho. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, a borí Rwanda ní Kigali ní 1 sí òdo. Nígbà tí ìdíje kan ṣoṣo ṣẹ́ kù, Bẹ̀nẹ̀ ní pọ́ìntì 17, Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà sì ní 14. Ní Uyo, Victor Osimhen ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa ní ìṣẹ́jú kẹta. Òun náà ni ó gbá èkejì àti ẹ̀kẹta. Frank Onyeka fi ẹ̀kẹrin kún un ní ìparí. Ní ọjọ́ kan náà, Gúúsù Áfíríkà borí Rwanda ní 3 sí òdo. Wọ́n di olórí pẹ̀lú pọ́ìntì 18. Àwa àti Nàìjíríà ní 17, ṣùgbọ́n góòlù fi wọ́n ṣíwájú wa, a sì bọ́ sí ipò kẹta.

Èsì àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ń fún ìbéèrè wa ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó jẹ̀bi: ọ̀mì ni à bá wá lọ, kí gbogbo wa dúró sẹ́yìn kí a ṣọ́ ilé. Ìṣirò kò gbe èsì yìí lẹ́yìn. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó ní pọ́ìntì 18, Gúúsù Áfíríkà náà yóò sì ní 18. Kí a tó lọ sí Uyo, góòlù tí a gbá wọlé fi 5 ju èyí tí wọ́n gbá wọlé wa. Ti Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn tí wọ́n na Rwanda, fi 6 jù ú. Nítorí góòlù ẹyọ kan, ọ̀mì kò ní gbà wá là. Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ṣáájú pé Rwanda yóò gba mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dájọ́ lẹ́yìn ìdíje gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ dájọ́.

Èsì kejì ni pé a kò ní pápá nílé. Ohun tó dunni ni lóòótọ́ pé ará Tchaada kò rí ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wò ní Cotonou, pé Abidjan, ní òdìkejì Tógò àti Gánà, ni a sọ di ilé. Síbẹ̀, nínú pọ́ìntì 17 tí a ní, 12 ni a kó ní Abidjan. Lesotho àti Zimbabwe pàápàá kò rí pápá lò nílé wọn. Ní Gúúsù Áfíríkà ni àwọn méjèèjì ti gbà wá lálejò.

Èsì kẹta ni oògùn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní gbọ́ tiwa, ẹni tí kò bá sì gbà á gbọ́ kò nílò wa. Ohun tí a lè bi í ni ìbéèrè kan: níbo ni oògùn náà wà ní Abidjan ní oṣù kẹfà ọdún 2024?

Èsì kẹrin ni ó léwu jù lọ, ìyẹn ìfura sí ìbátan: pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tàbí tó ní ẹbí ní òdìkejì ààlà, kò lè fi ọkàn kan ṣe ti Bẹ̀nẹ̀. Ta ni ó gbá góòlù Kigali wọlé, góòlù tí ó mú wa dé Uyo pẹ̀lú ìrètí? Tosin Aiyegun ni, ẹni tí a bí ní Èkó. Ọmọ ààlà ni àwa náà. Bí a bá gba irú ọ̀rọ̀ yìí láyè, ara wa ni a ń fi sùn.

Níbo wá ni a ti kọsẹ̀? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Lesotho, òdo sí òdo. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Zimbabwe, 2 sí 2. Bí a bá borí nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, pọ́ìntì 19 ni ọwọ́ wa ìbá tẹ̀. Gúúsù Áfíríkà parí sí 18. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú góòlù mẹ́rin Uyo lórí wa, àwa ni ìbá lọ sí Ife Àgbáyé. Ibi tí a ṣubú sí ni Uyo. Ọ̀nà jíjìn ni òkúta tí ó kọ̀ wá lẹ́sẹ̀ wà.

Ìdí tí ọ̀mì wọ̀nyẹn kò fi dun ẹnikẹ́ni nígbà náà wà nínú ìtàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, ní Íjíbítì, Michel Dussuyer mú ikọ̀ wa dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn láìborí ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú. A ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù. A ta 1 sí 1 pẹ̀lú Mòrókò, a sì fi pẹ́nálítì 4 sí 1 lé wọn lọ. Senegal ni ó dá wa dúró, 1 sí òdo. Gbogbo Bẹ̀nẹ̀ jó. Ìgbà náà ni a kọ́ láti máa yọ̀ mọ́ ọ̀mì. Nínú ìdíje ife, ọ̀mì lè gbéni lọ. Nínú ìdíje mẹ́wàá tí a ń ka pọ́ìntì, ọ̀mì pẹ̀lú ẹni tí ó yẹ kí a borí jẹ́ pọ́ìntì méjì tí a sọ nù. Ìgbà tí oṣù kejìlá ọdún 2025 ń lọ sópin, nígbà tí a na Botswana ní 1 sí òdo, ni a tó borí ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ọdún 21 lẹ́yìn tí a kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan kì í ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti ka ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kí ó ṣírò wọn, kí ó tó dárúkọ ẹlẹ́bi. Bí ìjiyàn bá tún dé lábẹ́ igi ní Tchaada, ẹ mú ìwé àti kálámù lọ. Ẹ kọ ìdíje mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, títí kan ti Lesotho tí kò sí ẹni tó rántí. Ariwo yóò rọlẹ̀, àwa àti ìbátan wa tó ti Idiroko wá yóò sì lè jókòó jẹun pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.