Endosulfan, oògùn òwú tó pa èèyàn

Endosulfan ni oògùn tí wọ́n máa ń fín sí òwú tẹ́lẹ̀ nítorí kòkòrò. Ní Benin níbí, lápá Borgou, ó pa èèyàn ní 1999: wọ́n jẹ oúnjẹ tí oògùn náà ti kàn. Ọpọlọ ló ń bá jà, gìrì a mú èèyàn. Bí òjò bá gbé e dódò, ẹja a kú. Ní 2011, àdéhùn Stockholm kà á mọ́ oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Àmọ́ oògùn òwú mìíràn ṣì wà lóko, bidon wọn sì ń wọ ilé ìdáná. Ẹ má rọ òróró tàbí omi sínú ẹ̀ láé. Ọṣẹ ò lè fọ̀ ọ́ tán. Ẹ wo ìlà àwọ̀ tó wà lára bidon: pupa ló burú jù, ìyeyè ló tẹ̀lé e.