Eré Sísá Láìdíje ní Ìlú Auckland
Arthur Lydiard, ará New Zealand tí àwọn asáré tó kọ́ gba wúrà méjì níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Róòmù ní ọdún 1960, ni ó kó àwọn àgbàlagbà Auckland, tí àìsàn ọkàn ti bá àwọn kan nínú wọn fínra, jáde láìpẹ́ lẹ́yìn náà láti máa sáré ìgbádùn, èyíinì ni eré wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò ní olúborí. Èémí ni òṣùwọ̀n wọn, kì í ṣe aago: ẹni tí kò bá lè máa tàkúrọ̀sọ bí ó ti ń sáré ti kọjá agbára ara rẹ̀. Nígbà tí Bill Bowerman, olùkọ́ eré ìje ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọdún 1962, bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún ni ó ń dẹsẹ̀ dè é lọ́nà (ojú á kúkú ti olùkọ́!), Bowerman àti W. E. Harris, dókítà ọkàn, sì tẹ ìwé jáde lórí àṣà náà ní ọdún 1967.