Oje Igi Tó Ń Wá Ẹ̀jẹ̀

Èmi tí mo ń ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ nílé ìwòsàn, ìtàn igi kan ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Guaiac ni wọ́n ń pè é, àwọn erékùṣù Caribbean ló ti ń hù. Láàárín ọdún 1860 sí 1869, Izaak van Deen, onímọ̀ kan ní Netherlands, fi oje rẹ̀ wá ẹ̀jẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, oje náà á di búlúù.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí Dókítà David Greegor, ní Ohio l'Amẹ́ríkà, tó kó bébà olóje yìí fún àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá. Ní 1967 ló tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Ilé ni wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ díẹ̀ ra bébà náà lára, fún ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ ẹran, torí ẹ̀jẹ̀ ẹran náà lè sọ ọ́ di búlúù. Ṣíṣe é nílé yìí ni mo yìn jù! Jẹjẹrẹ ìfun ńlá lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dun ènìyàn rárá, ẹni tí ojú ń tì sì lè ṣe àyẹ̀wò yìí ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀.

Ní 1993, ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà fi hàn pé ikú jẹjẹrẹ yìí fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù láàárín àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò bébà náà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n láti 1992 ni Japan ti ń lo àyẹ̀wò mìíràn fún àwọn ará ìlú, èyí tó ń wá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nìkan. Kò sídìí láti sá fún ẹran mọ́.