Scipio Vaughan Láàrin Ìtàn Ẹnu àti Ìwé Àkọsílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tọpa Baba Ńlá Tí Kò Fi Ilẹ̀ Sílẹ̀

Ìfáárà

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, lójú ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, ìbéèrè nípa baba ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣeré. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti la títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, oko àti igbó ti di ilé àti ọjà. Bí owó ilẹ̀ ṣe ń gòkè ni iyì orúkọ baba ńlá náà ń gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ jọba ní láti fi hàn pé ọmọ ìdílé tó ń jọba ni òun. Ẹbí tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ní láti dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, kí wọ́n sì to àwọn tó jogún rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láìfo ẹnikẹ́ni.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa pa àwọn orúkọ kan mọ́ dáadáa, a sì máa gbàgbé àwọn mìíràn. Ẹni tí ẹ̀tọ́ so mọ́ ni a ń rántí. Àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹrú tó kú sí ilé olówó rẹ̀, ìyàwó tí kò bímọ, ọmọ tó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò padà: a kì í sábàá gbọ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí nínú ìlà ìdílé tí wọ́n ń kà ní kóòtù. Báwo wá ni a ṣe lè tọpa wọn? Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò nípasẹ̀ ìtàn Scipio Vaughan, káfíńtà kan tó gbé ayé rẹ̀ ní oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ rẹ̀ wá di baba ńlá ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí a mọ̀ jù lọ ní Èkó. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí a tó gba ìtàn ìdílé gbọ́, tàbí kí a tó dà á nù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí àwọn tó ń sọ ọ́ fi í ṣe.

Òṣùwọ̀n tí àwọn ilé-ẹjọ́ fi ń wọn ìtàn

Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tó dá lórí ilẹ̀ kan ní Warri, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ ní ọdún 1976 tí ènìyàn lè gbà fìdí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn àbáláyé ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹbí méjì sábà máa ń takora. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie tó wá láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Wọ́n ní kí a má ṣe gbé ìdájọ́ ka orí bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìkan. Ẹni tó ń sọ ohun tí baba rẹ̀ sọ fún un lè máa sọ ọ́ tọkàntọkàn, kí ohun náà má sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí àṣìṣe lè ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà láti ìran kan dé òmíràn. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fi ìtàn náà wé àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀rí wà fún.

Ìlànà kejì jẹ mọ́ ogún. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ Privy Council fọwọ́ sí i pé ìdí igi ni àṣà tó gbilẹ̀ láàrin Yorùbá fún pípín ogún ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún: iye àwọn ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni a ó fi pín in. Èyí fi hàn pé bí orúkọ baba tilẹ̀ ni a ń jẹ́, orúkọ ìyá ni a fi ń mọ ibi tí ìpín olúkúlùkù wà. Ìlànà méjèèjì yìí yóò wúlò bí a bá dé ọ̀dọ̀ Scipio.

Scipio nínú ìtàn ẹnu

Ìtàn tí ìdílé Vaughan ń sọ ní Èkó àti ní Amẹ́ríkà ni pé ọmọ Yorùbá ni Scipio, pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n sì tà á sí oko ẹrú ní South Carolina. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí àwọn ọmọ òun padà sí ilẹ̀ baba wọn. Ọmọ rẹ̀ kan gbọ́ràn. James Churchwill Vaughan ni orúkọ ọmọ náà, Church ni wọ́n sì ń pè é. Ìtàn náà sọ pé nígbà tí Church dé ilẹ̀ Yorùbá, ó rí àwọn ènìyàn tí ilà ojú wọn rí bí ti baba rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti délé.

Ní ọdún 1975 ni ìwé ìròyìn Ebony tẹ ìtàn ìdílé náà jáde ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ó ti wà lójú ìwé kí Alex Haley tó gbé ìwé rẹ̀, Roots, jáde ní 1976. Kì í ṣe ìtàn kékeré. Iye àwọn ìdílé ní ìhà méjèèjì òkun tí wọ́n lè sọ pé àwọn ò fìgbà kan sọ ara àwọn nù kò pọ̀ rárá.

Scipio nínú ìwé

Lisa Lindsay, onímọ̀ ìtàn, tọ ipasẹ̀ Church Vaughan àti baba rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Atlantic Bonds, tó jáde ní ọdún 2017. Ìlú Camden ní South Carolina ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Wíwá ẹrú nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà nira. Nínú ìkànìyàn 1850 àti ti 1860, ọjọ́ orí ẹrú, àwọ̀ rẹ̀ àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ olówó rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ tirẹ̀. Ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tí gbogbo àwọn tí a ti dá sílẹ̀ ti farahàn pẹ̀lú orúkọ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ẹrú ní láti kọ́kọ́ wá olówó rẹ̀, kí ó sì yẹ ìwé ìhágún, ìwé ìtajà àti àkọsílẹ̀ dúkìá olówó náà wò.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Scipio ti yọjú. Wylie Vaughan ni orúkọ olówó rẹ̀, ìwé ìhágún rẹ̀ ni ó sì ṣí ọ̀nà òmìnira fún Scipio, tí ó fún un ní àwọn irinṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Nínú àwọn ìwé Camden, oníṣẹ́ ọwọ́ ni a rí, ọkùnrin tí orúkọ olówó rẹ̀ di orúkọ ìdílé rẹ̀ títí dòní. Ìtàn ẹnu dákẹ́ nípa irinṣẹ́. Ìwé dákẹ́ nípa ilà ojú.

Ìdánwò ìtàn náà

Bí a bá tẹ̀lé ìlànà ẹjọ́ Kojo, ohun mẹ́ta ni a ní láti fi wé ìtàn náà. Àkọ́kọ́ ni Abẹ́òkúta, ìlú tí a fi ń mọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí. Nǹkan bí ọdún 1830 ni a tẹ ìlú náà dó, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́. Church Vaughan ti di ọmọ ọdún méjì ní Camden nígbà náà, nítorí 1828 ni a bí i. Ẹni tó bá sọ pé Abẹ́òkúta ni a ti mú Scipio ń fi orúkọ tí àwọn ará Èkó mọ̀ rọ́pò ibi tí wọn kò mọ̀.

Ìkejì ni òwò ẹrú fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ogun Òwu àti ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé sọ ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹrú, Brazil àti Cuba sì ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, irú Samuel Àjàyí Crowther ní 1822, ni wọ́n kó lọ sí Freetown. Yorùbá tó dé South Carolina kí òfin náà tó múlẹ̀ lè wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀.

Ìkẹta ni àwọn ìwé Camden. Kò sí èyí nínú wọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ni a ti bí Scipio. Bí a bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìtàn náà kò dúró gẹ́gẹ́ bí ìròyìn nípa ibi tí a bí ọkùnrin kan sí.

Ìyá tí ìtàn fò

Ibi tí ìwé ti fún wa ní ohun tí ìtàn ẹnu kò tẹnu mọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó Scipio. Maria Conway ni orúkọ rẹ̀, òmìnira sì ni. Ìdílé Conway gbajúmọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira ní Camden. Bonds Conway ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú ní 1793, ó sì di onílé; ilé tó kọ́ ṣì wà ní Camden títí dòní.

Òfin South Carolina ti ọdún 1740 sọ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò bá lọ. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, kódà bí baba rẹ̀ bá jẹ́ òmìnira. Bí ìyá bá jẹ́ òmìnira, òmìnira ni ọmọ. Èyí túmọ̀ sí pé Maria ni ó bí Church sí òmìnira. Bí Scipio bá fẹ́ obìnrin tó jẹ́ ẹrú, gbogbo irinṣẹ́ tó jogún kò lè sọ ọmọ rẹ̀ di ẹni tó lè dìde kí ó wọkọ̀ lọ sí Áfíríkà. Ìdílé náà ń ka Scipio gẹ́gẹ́ bí baba ńlá tó rán ọmọ padà sílé. Ẹni tó jẹ́ kí ọmọ náà lè lọ ni ìyá rẹ̀. Àwọn tó mọ ìdí igi kò ní ṣòro fún láti lóye èyí.

Ọ̀nà Church dé Èkó

Òmìnira náà kò ní àlàáfíà nínú. Láti 1822 ni òfin South Carolina ti pàṣẹ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò máa ṣe alágbàtọ́ fún un. Ní òpin ọdún 1852 Church gba Liberia lọ. Ní 1855 ó bá àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Gúúsù Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí káfíńtà, iṣẹ́ baba rẹ̀. Ó wà ní Ìjàyè títí ogun fi fọ́ ìlú náà ní 1862. Ó sá lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn ajíhìnrere jáde, ó dé Èkó. Ní Èkó ó di oníṣòwò irin àti ohun èlò ìkọ́lé, ó sì wà lára àwọn tó yapa kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó ní 1888 láti dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní 1893.

Ọkùnrin tó ti sá kúrò ní ibi mẹ́ta, tí ogun tàbí òfin lé, nílò orírun tí wọn kò lè lé e kúrò níbẹ̀. Ní ìlú tí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ "Ọmọ ta ni ọ́?", ìtàn ilà ojú Scipio dáhùn ìbéèrè náà fún àwọn ọmọ Church. Iṣẹ́ tí ìtàn náà ṣe nìyẹn. Ó sọ àjèjì di ọmọ onílé, láìní ilẹ̀ tó jogún.

Ó tún ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ìwé ìjọba kankan kò lè ṣe: ó so ìdílé pọ̀. Wo orúkọ Aida Arabella. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Lady Kofoworọla Ademọla ń jẹ́, ọmọ Vaughan ní Èkó, ìyá obìnrin adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gboyè ní Oxford ní 1935. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Jewel Lafontant ń jẹ́ ní Chicago, agbẹjọ́rò tó di igbákejì agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn. Orúkọ kan náà ní ìhà méjèèjì òkun jẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ó fi hàn pé lẹ́tà ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n sì ń sọ ọmọ lórúkọ ara wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn Scipio kọ́ olùwádìí ìlà ìdílé ní ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ó ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀: ǹjẹ́ ohun tí ìtàn sọ ṣẹlẹ̀, àti kí ni ìtàn náà ń ṣe fún àwọn tó ń sọ ọ́? Ìtàn lè kùnà ní ìbéèrè kìíní kí ó sì jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì ní èkejì. Ìkejì, kí ó wá ìyá. Ìkẹta, bí kò bá rí ẹni tó ń wá, kí ó wá ẹni tó ní agbára lórí rẹ̀: olówó, onílẹ̀, àlùfáà, olórí ẹbí.

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ìyẹn túmọ̀ sí pé kí olùwádìí má ṣe dúró lórí ìlà ìdílé tí wọ́n kà ní kóòtù. Ẹ̀rí tí olùjẹ́jọ́ mú wá wà nínú ìwé kóòtù kan náà, àwọn tí wọ́n pè ní àgbàbọ́ tàbí ayálẹ̀lò sì sábà máa ń ní orúkọ níbẹ̀. Àwọn ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn wà ní Ilé Àkójọpọ̀ Ìwé ti Orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn. Oríkì orílẹ̀ tí ìyá àgbà kan fi ń kí ọmọ lè má bá ilé tí wọ́n ń gbé mu, ibẹ̀ ni ìbéèrè sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó kù láti jà lé lórí ń dín kù lójoojúmọ́ ní agbègbè náà. Bí ẹjọ́ bá ti parí, kò ní sí ẹni tí yóò tún ní ìdí láti ka ìlà ìdílé sókè. Àwọn tí wọn kò fi ilẹ̀ sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọnù, bí a kò bá kọ orúkọ wọn báyìí, nígbà tí àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn ṣì wà láyé.